Ta Ni Ó Ń Dá Ìgbéyàwó Dúró?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àbújá

Ní ìpàdé tí ó kọjá ni Ìyá Ẹgbẹ́ béèrè pé kí ló dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ẹgbẹ́ sí ìkómọ mọ́. Ẹ sì ní kí àwa tí a ń tọ́jú ìwé wá fèsì. Ìwé kékeré ni a kà, ọjà ni a ń tà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Àwọn àgbà tí ó tẹ̀lé ìjọba àpapọ̀ wá láti Èkó ní ìparí ọdún 1991 sọ fún wa pé yàrá kan ní Kárù tàbí Nyányà ni wọ́n ti gbé ìyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ bímọ. Nígbà tí a gba ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé àná, ojú ewé tí a ń kọ owó ìkómọ sí ń yára kún. Nísisìyí a lè ṣí i ní oṣù mẹ́ta kí a má rí ohun tí a ó kọ sí i.

Kì í ṣe ẹ̀ka wa nìkan. Nínú ìwádìí tí ìjọba máa ń ṣe káàkiri ilé, wọ́n rí i ní 2008 pé bí a bá pín in dọ́gba, obìnrin kan ní Nàìjíríà yóò bí ọmọ 5.7 ní ìgbà ayé rẹ̀. Ní 2018 ó di 5.3, nínú ìwádìí 2023 sí 2024 ó di 4.8. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, 3.9 ni ní 2018. Èkó jẹ́ 3.4, Katsina sì jẹ́ 7.3. Ní Kòríà ti Gúúsù, ó ti wálẹ̀ dé 0.72 ní 2023, èyí ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan kò tilẹ̀ kárí àwọn obìnrin wọn. A kò tíì súnmọ́ ibẹ̀ rárá.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Ní 2008, nínú 1,000 ọmọ tí a bí, 157 ni ó ń kú kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Ìwádìí 2023 sí 2024 rí 110. Ẹni tí ó bí mẹ́rin tí mẹ́rin yè kò pàdánù lọ́dọ̀ ẹni tí ó bí mẹ́jọ tí ó sin mẹ́rin. Àwọn baba wa náà ni ó ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ohun tí ó ń dùn wá ni ti àwọn ọmọ wa tí ó fẹ́ gbéyàwó tí wọn kò lè gbé e.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ayé ló ti bàjẹ́, pé ọ̀dọ́ ìwòyí fẹ́ràn fàájì ju ilé lọ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ ni ọwọ́ oko. Ọmọ kékeré a ru kòkó, a pọn omi, a kiri ọjà. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ọmọ kúrò ní oko, ó bọ́ sí ilé-ìwé. Ohun rere ni, àwọn òbí wa jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹrù ti kúrò lórí ọmọ bọ́ sórí òbí. Ọ̀mọ̀wé kan, ará Australia, John Caldwell, tí ó ṣe ìwádìí láàrin Yorùbá ní Ìbàdàn, kọ ọ́ ní 1976 pé níbi tí ọrọ̀ bá ti ń ti ọwọ́ ọmọ bọ̀ sọ́wọ́ òbí, ènìyàn a bí púpọ̀. Níbi tí ó bá ti ń ti ọwọ́ òbí lọ sọ́wọ́ ọmọ, wọn a dín in kù. Ọmọ wa obìnrin tí ó wà ní yunifásítì ni ó kà á fún wa. Ẹ̀rín pa wá, nítorí bí òun ti ń ka ìwé, owó ilé-ìwé rẹ̀ ni àwa ń kà.

Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń tọ̀. Ó wọ yunifásítì, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, wọ́n tún dá a sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ó jáde, ó ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Kí ó tó rí iṣẹ́, ó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 ni N70,000. Onílé ní Kúbwà tàbí Lúgbè yóò gba owó ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan, ti ajẹ́ńtì sì wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹ mọ ohun tí owó mọ́tò láti Mararaba wọ ìlú dà. Bí wọ́n bá sì wá bímọ, ìyá ọkọ kò sí nítòsí láti gba ọmọ pọ̀n. Ìyàwó ń jáde ní ìdájí, àwọn tí ń bá ni mójú tó ọmọ ń gba owó.

Ẹ̀yin ará, owó epo kò sí ní ìkáwọ́ wa, owó ilé kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ìnáwó ìgbéyàwó ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Kì í ṣe owó orí. Yorùbá kì í ta ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dá owó orí padà lójú agbo. Ṣùgbọ́n a ti na ìwé ẹrù ìdáná sí ọkọ ná: iṣu méjìlélógójì, obì méjìlélógójì, orógbó, ataare, oyin, kẹ́ẹ̀gì epo, àpò ìrẹsì, àpótí aṣọ. Gbọ̀ngàn ń bẹ, alága ìdúró àti alága ìjókòó ń bẹ, aṣọ ẹbí ń bẹ, lẹ́yìn náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Aṣọ ni a ń tà ní Ọjà Wúsè, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí ni ó ń bọ́ wa. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yìí wá mú léèsì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. A na èyí tí ó níwọ̀n sí i, a na èyí tí ó wọ́n. Èyí tí ó níwọ̀n ni ó gbé dání. Àwa ni a sọ pé, "Ìyá, ṣé àwọn ẹgbẹ́ yín kò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó mú èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ọkọ ìyàwó wá, nítorí àwọn ará ilé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mú aṣọ tí ó bá a dọ́gba. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni gbogbo rẹ̀?" A sọ fún un. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa pẹ́ títí, ó ká ìwé rẹ̀ sápò, ó dúpẹ́, ó lọ. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún tí ó kọjá ọmọkùnrin náà lọ sí Òkè-Òkun, kò sì rán ìwé mọ́. Ìyá yìí yà sọ́dọ̀ wa lóṣù tí ó kọjá, kò ra nǹkan kan. Ó ní, "Akọ̀wé, ilé wa dákẹ́." A kò rí èsì fọ̀. Òun ni ó yọ̀ǹda pé kí a sọ ọ́ níhìn-ín.

Ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣe òfin ní 1956 pé owó orí ìyàwó kò gbọdọ̀ ju £30 lọ. Àwọn ènìyàn kò ka òfin náà sí. Ìtìjú ni ó ń mú wa náwó, ohun tí ó bá sì jẹ́ ti ìtìjú, àwọn tí a ń tijú wọn ni ó lè mú un kúrò. Ta ni a ń tijú ní Àbújá? Ẹgbẹ́ yìí ni.

Nítorí náà a gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe ta aṣọ ẹbí fún ẹgbẹ́ mọ́. Fìlà àti gèlè aláwọ̀ kan tó. Èkejì, kí a máa ṣe ìdáná àwọn ọmọ wa ní ilé ìpàdé yìí láì gba owó, pẹ̀lú àga àti ìkòkò ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a yọ nínú owó àjọ láti fi yá tọkọtìyàwó tuntun ní owó ilé, kí wọ́n máa dá a padà lóṣooṣù, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì ṣe onídùúró wọn.

Bí ẹ bá gbà á, ọjà tiwa ni yóò kọ́kọ́ dín kù. Ìyàwó ilé wa ti bi wá léèrè ohun tí a ó jẹ. A ní a ó máa ta aṣọ ilé-ìwé ọmọdé, bí ọmọ bá wà láti wọ̀ ọ́.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú ewé ìkómọ wa tún kún.