Àwọn Obìnrin Agbábọ́ọ̀lù Wa ní Ẹnubodè Ayé

Ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn dé ẹnubodè, ọ̀tọ̀ ni kí ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Super Falcons, àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti dé ìpele tí ẹni tí ó bá pàdánù yóò dárí sílé: 1999, 2019 àti 2023. Wọn kò borí níbẹ̀ rí. Ní 1999, Bràsíìlì ti jẹ góòlù 3 kí wọn tó jẹ ẹyọ kan. Wọ́n dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí góòlù kan ní àfikún àkókò tó lé wọn jáde. Ní 2023, ọ̀mì ni wọ́n gbá pẹ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pẹ́náríìtì ni ó yọ wọ́n.

Èmi kò pe èyí ní ìkùnà. Ife Áfíríkà 10 ni wọ́n gbà láti 1998 dé 2025. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gba ti 2016, kí ọdún náà tó parí, ìwọ́de ni wọ́n ń ṣe ní Abuja nítorí owó ẹ̀tọ́ wọn.

A kì í rán ọmọ lọ sọ́jà láìfún un lówó, kí a tún bi í pé kí ni ó rà bọ̀. Bí a bá ń ka góòlù tí wọ́n pàdánù, ẹ jẹ́ kí a ka gbèsè tí a jẹ wọ́n pẹ̀lú.