Igi Òdòdó Kúkúrú ní Àyíká Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

Ìtọ́jú àyíká ilé ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Igi òdòdó kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni Ixora, pàápàá irú rẹ̀ kúkúrú tí ó sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3.

Ilé tuntun ń pọ̀ sí i ní ìlú wa, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi sìmẹ́ńtì tẹ́ gbogbo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí odi. Bí òjò bá rọ̀, omi kò rí ibi wọlẹ̀. A di wàhálà aládùúgbò. Bí oòrùn bá mú, ilẹ̀ a gbóná, ooru rẹ̀ a sì bá wa wọ yàrá di òru. Bí a bá fi ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, omi yóò rí ibi rì sí, ojú yóò sì rí ohun tútù wò.

Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ni irú Ixora tí a mọ̀ jù ti wá. Àwọn ará Íńdíà a máa fi òdòdó rẹ̀ bọ òrìṣà wọn. Ìbátan igi kọfí ni. Ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ráhùn pé ewé Ixora àwọn pọ́n, igi náà sì rù. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín ni kò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀ ni igi yìí fẹ́. Sìmẹ́ńtì tí bírikìlà dà sí ìdí ògiri ní ẹfun nínú. Ẹfun náà a sì pa kíkan ilẹ̀, tí gbòǹgbò kò fi ní lè fa irin inú ilẹ̀ mu mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ewé titun a pọ́n, ṣùgbọ́n iṣan ewé náà a ṣì dúdú minimini. Nítorí náà, ẹ gbìn ín jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò, kí ẹ sì da ilẹ̀dú àti ewé jíjẹrà sí ihò rẹ̀. Ẹ má ṣe da eérú ààrò sí i, nítorí iṣẹ́ kan náà ni eérú àti ẹfun ń ṣe.

Nígbà òjò, ẹ gé ẹ̀ka tí kò gbó jù, tí kò sì rọ̀ jù, tí ó gùn tó ínṣì 4 sí 6. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ rì í mọ́ yanrìn tí a pò mọ́ ilẹ̀dú, lábẹ́ ibòji. Ní nǹkan bí oṣù 2, yóò ti ta gbòǹgbò. Ẹ wá ṣí i lọ sí ibi tí oòrùn dé dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní tanná púpọ̀. Ẹ má fi àdá rẹ́ ẹ lemọ́lemọ́: ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, ìgbà tí òdòdó bá rọ ni kí ẹ tó gé e. Bí èèrà bá ń gùn ún, ẹ wo abẹ́ ewé. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara igi ni wọ́n ń tọ̀ lọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó háyà ilé lè lo ìkòkò tàbí garawa, bí ìdí rẹ̀ bá ti lu. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí òkè rẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin ín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, nítorí òtútù líle a máa pa á. Omi òjò ni kí ẹ sì máa lò, nítorí omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ní ẹfun púpọ̀. Ní Florida àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Bùràsíìlì, ìta gbangba ni í ti ń hù bí ó ti ń hù níbí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé tí ẹ kò gbé inú rẹ̀. Ẹ máa ń gbin òdòdó nígbà Kérésì kí ilé lè dùn ún wò, ẹ a sì padà lọ. Ta ni yóò bomi rin ín títí di oṣù Kẹta? Ìyá arúgbó tí ẹ fi ṣọ́ ilé ń wá omi tí yóò mu. Bí ẹ kò bá ní san owó ẹni tí yóò máa pọn omi, ẹ jẹ́ kí a bá yín gbìn ín ní oṣù Kẹrin tàbí Kàrún, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Mo dábàá pé kí Ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti iwájú gbọ̀ngàn ìlú, kí a sì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìkòkò 1 láti tọ́jú. Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí igi ń fẹ́ kò ní fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Kí ìlú wa máa tutù, kí ó máa tòrò.