Owó Aṣọ Ẹbí Wa

 

Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí wa ni mo bá wá sí àpéjọ yìí. Láti àwọn ọdún 1960 ni léèsì Lustenau, ìlú kékeré kan ní Austria, ti ń wọ Èkó. Nígbà tó yá, àwọn ìyá wa oníṣòwò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá àwọn tó ń ṣe é. Wọn ò kàn ra ohun tí wọ́n bá níbẹ̀; àwọn ló ń sọ irú àwọ̀ àti irú àrà tí Èkó máa fẹ́. Àwọn ará Austria gbọ́ràn, wọ́n sì là. Kódà nígbà tí ìjọba wa fòfin de léèsì òkèèrè ní ìparí àwọn ọdún 1970, fàyàwọ́ ń gbé e gba Kùtọnu wọlé. Ojú àwọn ìyá wa ló yan àrà, àpò wa ló sanwó, àwọn ẹlòmíràn ló rí iṣẹ́ ṣe.

Nílé ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ aṣọ wa lé ní 150: Ìkẹjà, Ìsọlọ̀, Ìkòròdú, Kánò, Kàdúná. Ní 2007, United Nigerian Textiles ní Kàdúná tilẹ̀kùn. Iná ọba kò sí, epo tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gbówó lórí, ayédèrú àǹkárá láti Ṣáínà sì kún ọjà Balógun. Ìjọba ya bílíọ̀nù 100 náírà sọ́tọ̀ láti yá àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n owó yíyá kì í tan iná, kì í sì í wá oníbàárà.

Oníbàárà ni àwa. Nígbà tí àwọn obìnrin ní aṣọ òkè wúwo jù, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn wá òwú tó fúyẹ́, wọ́n fi òwú dídán sí i, ó sì tà. Inú mi dùn sí èyí ju ètò ìjọba èyíkéyìí lọ. Àwọn aláró Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá béèrè àdìrẹ tí aró rẹ̀ kò ní ṣí, tí a sì kọ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ìgbìmọ̀ aṣọ yan àwọ̀ àpéjọ tó ń bọ̀ kí a tó tú ká lónìí. Kí a bá Ìsẹ́yìn àti Ìtòkú kọ ìwé àdéhùn, kí ọjọ́ tí wọ́n máa kó aṣọ dé wà nínú rẹ̀, kí a sì san ìdajì owó ṣáájú. Akápò wà níbí. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ san tèmi.