Ẹ Fẹ̀sọ̀ Ya Fọ́tò Ẹranko

 

Láti 1990 ni igbó Lekki Conservation Centre, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, ti wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sábà sá fún èèyàn. Afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 sì ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ.

Fóònù ti sọ gbogbo wa di ayafọ́tò. Ìkóra-ẹni-níjàánu ló kù. Ẹni tó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀bọ nítorí fọ́tò ń kọ́ ọ láti já báàgì gbà lọ́wọ́ àlejò ọ̀la. Ẹni tó sún mọ́ ìtẹ́ jù, tí ẹyẹ tó ń sàba fi fò lọ, ti fi ẹyin sílẹ̀ fún ejò.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ má pariwo, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Bí ẹranko bá kẹ̀yìn sí yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kò sí fọ́tò tó tó ohun tí à ń torí ẹ̀ da igbó rú.