Ojú Kò Lè Rí Ara Rẹ̀

Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo wà nídìí gbohùngbohùn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ́nnu pé mo mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí èèyàn. Iṣẹ́ mi ni, àbí? Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń ṣe ètò yìí pè mí, wọ́n ní: "Àbúrò, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ yìí kí o tó gé nǹkan kan kúrò." Mo gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ àlejò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ikú ìyá rẹ̀ ni mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo dá àpárá. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ojú tì mí.

Mo wá rántí ohun kan tí mo kà ní yunifásítì. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí tẹ́ḿpìlì Apollo ní Delphi: Mọ ara rẹ. Ẹ lè ní kí ló le nínú ìyẹn. Socrates ará Athens rí i pé ó le gan-an.

Nínú ìwé kan tí wọ́n kà mọ́ ti Plato, Socrates ń bá Alcibiades sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin yìí ò tíì pé ogún ọdún. Ó lẹ́wà, ó lówó, ilé ńlá ló ti wá, ó sì fẹ́ dìde láàárín ìlú kó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Socrates bi í bóyá ó mọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo bó ṣe là á. Ẹni tó ń ṣe bàtà ń lo ọ̀bẹ, àmọ́ òun kọ́ ni ọ̀bẹ. Ó ń lo ọwọ́ àti ojú rẹ̀ náà, òun kọ́ ni ọwọ́, òun kọ́ ni ojú. Ta wá ni ẹni tó ń lo gbogbo ara? Ọkàn ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ ẹwà àti owó rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ló mọ̀, kò tíì mọ ara rẹ̀.

Báwo wá ni ọkàn ṣe máa rí ara rẹ̀? Ojú kò lè rí ara rẹ̀ àfi nínú dígí tàbí nínú ojú ẹlòmíràn. Bí o bá wo ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ dáadáa, wàá rí àwòrán ara rẹ, kékeré, nínú dúdú àárín rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Gíríìsì ń pe ibẹ̀ túmọ̀ sí ọmọbìnrin. Àwa náà ń pè é ní ọmọlójú! Bẹ́ẹ̀ ni Socrates ní ọkàn gbọ́dọ̀ wo inú ọkàn mìíràn, pàápàá ibi tí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Ṣé Alcibiades gbọ́? Ní ọdún 415 ṣáájú ìbí Krístì, òun ló wà níwájú àwọn tó rọ Athens láti lọ jagun ní Sicily. Nígbà tí wọ́n pè é padà wá jẹ́jọ́, ó sá lọ bá Sparta, ọ̀tá ìlú rẹ̀. Ogun Sicily náà sì parí sí ìparun.

Èmi ò ní ìlú tí mo lè bà jẹ́, ọ̀rẹ́ ni mo ní. Mo pè é lọ́jọ́ Ẹtì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ni." Mo dákẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì gba ohùn kankan sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ gbà láyè kó sọ ìpàkọ́ yín fún yín? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.