Ẹnjiníà Tó Pín Berlin sí Ọ̀nà Méjìlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí aṣọ oyè tó kúrò lọ́rùn yín, ẹnì kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: James Hobrecht, ẹnjiníà ọmọ Jámánì tó kó ẹ̀gbin kúrò nígboro Berlin.

Ìlú Memel, tó ti di ti Lithuania lónìí, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1825. Nígbà tó fi di géńdé, èrò ti ń wọ́ lọ sí Berlin láti ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Gọ́tà ẹ̀bá títì ló ń gbé omi ìdáná, omi ìfọṣọ àti ẹ̀gbin ilé lọ sínú odò Spree. Ó ń rùn gan-an. Onígbáméjì kò sì yéé padà wá.

Ẹnjiníà kan, Wiebe, ti dábàá pé kí wọ́n kó gbogbo omi ẹ̀gbin náà jọ, kí wọ́n dà á sínú Spree kan náà nísàlẹ̀ odò. Hobrecht gba ọ̀nà mìíràn, Dókítà Rudolf Virchow sì gbè é lẹ́yìn.

Ilẹ̀ Berlin tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi kì í dédé ṣàn jìnnà níbẹ̀. Hobrecht bá pín ìlú sí ọ̀nà 12. Páìpù apá kọ̀ọ̀kan ń dà lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀, níbi tí ilé ẹ̀rọ tirẹ̀ wà. Kí omi tó dé ẹnu ẹ̀rọ, inú kòtò kan ló ń gbà kọjá: iyanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀, asẹ́ onírin á dá àkísà àti igi dúró. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ á wá ti ìyókù lọ sóko ẹ̀yìn ìlú. Ilẹ̀ oníyanrìn á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.

Ọdún 1873 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Apá tó bá ti parí, àwọn ará ibẹ̀ á ti máa jẹ̀gbádùn rẹ̀, wọn kì í dúró de mọ́kànlá yòókù. Ní 1887, wọ́n pe Hobrecht dé Tokyo láti wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó kú ní 1902. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ náà, létí Spree, ti di gbọ̀ngàn ijó àti orin báyìí.

Ẹ ò ní pẹ́ di agùnbánirọ̀. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ìlú tí gọ́tà rẹ̀ ti dí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi ń dà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àdúgbò kan ṣoṣo, kí ẹ sì ṣe é parí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.