Bọ́ọ̀lù wo ló yẹ kí ẹ fi ta bowling níbi tí epo ti pọ̀?

Bọ́ọ̀lù bowling tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà l'Abuja dán gbinrin, àwọ̀ rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Àṣé owó ṣòfò. Mo bá yí i, ó kàn ń yọ̀ lọ tààrà ni, kì í yà sọ́dọ̀ àwọn igi 10 náà rárá.

Epo ló fà á. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60, wọ́n sì sábà máa ń fi epo pa nǹkan bíi 40 nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù oníke kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Igi kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ fi sin. Èyí tí wọ́n fi reactive resin ṣe ni kí ẹ bèèrè, kí wọ́n sì fi sandpaper ha á kó má dán mọ́. Ó máa ń fa epo mu, nítorí náà ẹ fi táwẹ̀lì nù ún nígbàkúùgbà tó bá padà sọ́dọ̀ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.